Owó sinimá n'Ìbàdàn: ṣé ₦40,000 lè gbé ẹni márùn-ún lọ, kó sì gbé wọn bọ̀?

Ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àwa márùn-ún la fẹ́ lọ wo fíìmù lásìkò ọdún Kérésì: èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Àgbà nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, èkejì 9, àbíkẹ́yìn 4. Ọ̀jọ́ọ̀ là ń gbé, a ò sì ní mọ́tò. ₦40,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, ìpápánu, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀.

Lọ́dún 2019, ₦1,500 lórí ẹnì kan la fi ń ṣírò. Ní báyìí, ₦5,000 ni wọ́n ń pè é ní òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé ₦40,000 á tó? Kí ló gbé owó yìí ga tó bẹ́ẹ̀? Níbo lèèyàn ti lè dín in kù láìfi ọmọ kankan sílẹ̀ nílé?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ìmúra ọdún. Kò ní tó tẹ́ ẹ bá lọ ní Sátidé. Ẹ wò ó: ₦5,000 lọ́nà márùn-ún, ₦25,000. Bí gúgúrú àti mínírà ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ₦3,500, ₦17,500 nìyẹn. Ó ti di ₦42,500, ẹ ò sì tíì wọkọ̀.

Àárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá ló máa ń já owó wálẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì láàárín Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán sì sábà máa ń rọjú ju ti alẹ́. Àmọ́ ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó múra o. Tí ọdún bá ti wọlé tán, wọ́n lè dá ẹ̀dínwó yẹn dúró, nígbà tí kálukú ti gbọlidé, ojoojúmọ́ á wá dà bíi Sátidé. Ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi, tí Kérésì ò tíì dé, ni mo máa fọwọ́ sí.

Akọ̀wé Àgbọwó

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojúkòkòrò lásán ni.

Nǹkan tó wà nínú gbọ̀ngàn sinimá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, gílóòbù inú rẹ̀, agbọ̀rọ̀sọ, aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 sí ₦470 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ nínú oṣù yẹn kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye lé e, dọ́là ń gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi wọ nǹkan bíi ₦1,500 lọ́dún 2024. Bí gílóòbù kan bá jẹ́ dọ́là 1,000, ₦460,000 ni wọ́n ń rà á tẹ́lẹ̀. Ó di ₦1,500,000. Gílóòbù yìí, xenon ni wọ́n ń pè é, kì í sì í bá ẹ̀rọ dọ́jọ́ alẹ́. Bó bá lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1,500, tí gbọ̀ngàn náà ń tàn án fún wákàtí 10 lóòjọ́, oṣù márùn-ún péré ló máa lò. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń lo lésà ò nílò gílóòbù yẹn, ṣùgbọ́n owó rírà wọn kì í ṣe kékeré.

Ẹ fi owó orí ọjà kún un, èyí tó kúrò ní 5% tó di 7.5% ní oṣù Kejì ọdún 2020. Èyí tó kù lẹ́yìn owó orí, onílé sinimá ò dá a jẹ. Nǹkan tó sún mọ́ ìdajì ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni fíìmù àtàwọn tó ń pín in káàkiri. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ni dísù bá fò sókè.

Ẹlẹ́ńjìnì Òkè-Àdó

Akọ̀wé, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ ṣàtúnṣe ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Bẹntiróòlù ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Ọjọ́ ti pẹ́ tí dísù ti kúrò lábẹ́ ìrànwọ́ ìjọba. Ọdún 2022 ni dísù fò, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréènì ba ọjà epo àgbáyé jẹ́: ó kúrò ní nǹkan tí ò tó ₦300 lítà kan, ó kọjá ₦800 lọ́dún náà. Ìgbà tí náírà tún já wálẹ̀ ló wọ ₦1,000 sókè.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ 100kVA tó ń gbé ìdajì agbára rẹ̀ máa ń mu nǹkan bíi lítà 12 ní wákàtí kan. Fún àfihàn wákàtí méjì àbọ̀, lítà 30 nìyẹn. Nígbà tí lítà kan jẹ́ ₦225, ₦6,750 ló ń ná wọn. Tó bá jẹ́ ₦1,200, ó di ₦36,000. Ká ní èèyàn 15 péré ló wà nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n san ₦5,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦75,000. Ẹ yọ owó orí ọjà, ó ku ₦69,767. Ẹ pín in sí méjì pẹ̀lú àwọn onífíìmù, ó ku ₦34,884. Kò tó owó dísù, ká má tíì dárúkọ owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé.

Iná ìjọba náà ńkọ́? Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó ń rí iná jù lọ, kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225 lórí kilowatt-wákàtí kan. Wọ́n dín in díẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, sí ₦206.80, àmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ṣì ni.

Ọmọ Dùgbẹ̀

Ìṣirò Ẹlẹ́ńjìnì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé gbogbo ẹrù lé gbọ̀ngàn kan lórí. Jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Bí gbọ̀ngàn mẹ́ta bá pín ₦36,000, ₦12,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 15 yẹn á san án, á sì ṣẹ́ kù.

Ibi tí ó ti ń dun onílé sinimá ni gbọ̀ngàn tó ṣófo. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ka orí èèyàn. Bóyá ẹni mẹ́ta ló jókòó tàbí 150, ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń dín owó kù ní Túsìdè lẹ rí yẹn: wọ́n ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga tí wọ́n ti sanwó iná rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́ńjìnì Òkè-Àdó

Mo gbà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo gbọ̀ngàn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ ká pín in. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ṣí, ìṣirò tèmi ló dúró.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Dọ́là kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá sinimá jà n'Ìbàdàn. Nígbà tí ilé sinimá Scala àti Odeon ṣì ń ṣílẹ̀kùn, fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ló gbòde. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn eléré wa wọ̀ ọ́, tí Hubert Ogunde àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ru fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ṣe ń ru eré orí ìtàgé. Sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n fi ń ṣe é. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ọ̀rá rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Lọ́dún 1985, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi náírà kan lọ. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986, ó ti di nǹkan bíi ₦4 lọ́dún 1987. Ta ló fẹ́ lè ra sẹ́lúlọ́ìdì mọ́? Ni gbogbo wọn bá ya sídìí fídíò, àwọn òǹwòran náà sì jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí.

Ẹ má fi náírà lásán wọn owó sinimá. Ẹ fi owó oṣù wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2019, owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ ₦30,000. Tíkẹ́ẹ̀tì ₦1,500, ogún ni yóò rà. Láti oṣù Keje 2024, ₦70,000 ni. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦5,000, mẹ́rìnlá péré ni yóò rà. Ìjọba Ọ̀yọ́ ń san ₦80,000, mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà ó wọ́n sí i ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ tí ojú ń rí yẹn.

Ìdí kan náà ni mi ò fi ń jó bí wọ́n bá ní fíìmù kan ti pa bílíọ̀nù. Oṣù Kíní 2024 ni fíìmù Funke Akindele kọ́kọ́ kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá di ìlọ́po méjì, iye owó á di ìlọ́po méjì láìsí pé orí kan ṣoṣo kún òǹwòran. Ẹ bi wọ́n léèrè pé èèyàn mélòó ló wọlé.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ̀yin náà fi nǹkan kan sílẹ̀. Owó oṣù kì í dé ilé sinimá kó tó ya ilé oúnjẹ. Ìrẹsì, gàrí àti owó ilé ìwé ti jẹ ₦80,000 yẹn kó tó kan tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lè ra ogún ní 2019 lórí ìwé, bóyá méjì ló lè rà gan-an. Lónìí, bóyá kò lè ra ẹyọ kan. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ jù nígboro yìí ò sì gba owó oṣù kankan.

Ní tèmi, kí Ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀ jókòó sílé, kó ra dátà, kí wọ́n wo YouTube. Fíìmù Yorùbá kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Akọ̀wé Àgbọwó

Dátà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́ o. Oṣù Kíní 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó kún un, títí dé 50%. Fíìmù wákàtí méjì tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere (720p) lè jẹ gígì méjì sí mẹ́ta, èyí tí ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ (480p) nǹkan bíi gígì kan. Òótọ́ ni pé ẹni márùn-ún lè jọ wò ó, nítorí náà ó ṣì rọjú púpọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ń lọ lọ́wọ́ ní sinimá kì í tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá lè fara dà á fún oṣù mélòó kan á rí púpọ̀ nínú wọn lórí àwọn áàpù tó ń ta fíìmù.

Tíṣà Mọ́níyà

Kò sẹ́ni tó tíì bi ọ̀gbẹ́ni yìí pé fíìmù wo ni. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù fún ẹni tó ní ọmọ.

National Film and Video Censors Board, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń fún fíìmù ní ipò: G fún gbogbo ayé, PG fún ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́sọ́nà òbí, lẹ́yìn náà 12, 12A, 15 àti 18. Bí fíìmù bá jẹ́ 15, ọmọ yín tó jẹ́ 14 ò gbọdọ̀ wọlé, ká má tíì sọ ti àwọn àbúrò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 12 tàbí 12A, àwọn méjì kékeré ò lè wọlé. Ẹ lè ti san tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó sọ fún yín. Púpọ̀ nínú fíìmù ńlá ti oṣù Kejìlá ni kì í ṣe G.

Ẹ tún béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 12 sókè ni wọ́n ń kà mọ́ àgbà, nítorí náà ẹ ka àkọ́bí yín mọ́ àgbà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Tíṣà, ẹ fojú tún 12A wò. Lẹ́tà A yẹn ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára 12. Ọmọ tí ò tó 12 lè wọ 12A bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀. 12 lásán ni kò gbà á.

Tíṣà Mọ́níyà

Òótọ́ lẹ sọ, mà. Mo pa méjèèjì pọ̀. Bàbá àti ìyá wọn á wà níbẹ̀, nítorí náà 12A ò ní dí wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 4 nínú fíìmù 12A, ariwo ìbọn àti òkùnkùn lè mú kó sunkún. Ọ̀kan nínú yín á gbé e jáde, tíkẹ́ẹ̀tì méjì á wọgbó. G tàbí PG ni kẹ́ ẹ wá.

Onímícrà Sángo

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ní ilé epo NNPC, bẹntiróòlù ò tó ₦200 lítà kan kó tó di ìparí oṣù Karùn-ún 2023. Kí 2024 tó parí, ó ti ń lọ ní nǹkan bíi ₦1,000, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e.

Láti Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ wọ Micra tàbí korópe tó ń lọ Sángo tàbí Mọ́kọ́lá, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Sámọ́ńdà lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀, ní Ventura Mall. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ Heritage Mall lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House lẹ fẹ́, ẹ máa kọjá Sángo àti Mọ́kọ́lá kẹ́ ẹ tó dé Dùgbẹ̀, gosiló oṣù Kejìlá á sì jẹ yín níyà. Ẹ gbé ọmọ ọdún 4 lé itan. Ìjókòó mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀, mẹ́jọ. Ohunkóhun tí dẹ́rẹ́bà bá fi kún un, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ẹ má wo èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá jáde ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́rò á ti dín kù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ háyà odindi mọ́tò. Owó tẹ́ ẹ dín lórí tíkẹ́ẹ̀tì á bá ibẹ̀ lọ.

Aláṣè Òkè-Bọ́lá

Gúgúrú ló kù. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbé e pamọ́ sínú báàgì. Ẹ má ṣe é. Wọ́n ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Wọn ò bá onífíìmù pín owó gúgúrú bí wọ́n ṣe ń pín ti tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń gbé wọn dúró. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń gbà kí tìta wọlé.

Ẹ jẹun kánú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọmọ tó ti jẹ àmàlà yó kì í béèrè gúgúrú tó pọ̀. Kẹ́ ẹ wá ra paali ńlá kan tàbí méjì, kì í ṣe kékeré márùn-ún, torí kékeré lówó lórí ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹ mú àpò bébà tó ṣófo dání kẹ́ ẹ fi pín in fáwọn ọmọ.

Tẹ́ ẹ bá padà délé, ẹ tún lè yan tiyín: ìdajì ife àgbàdo gúgúrú, ṣíbí òróró ńlá mẹ́ta, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, iná tí ò ga jù. Ẹ kọ́kọ́ ju hóró mẹ́ta sínú òróró. Bí wọ́n bá ti bẹ́, ẹ da ìyókù sí i, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ máa mi ìkòkò náà. Tí ìró rẹ̀ bá ti ń falẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì láàárín bíbẹ́ kan sí èkejì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó máa kún abọ́ ńlá kan. Àgbàdo tó ti gbẹ jù kì í bẹ́, torí omi inú rẹ̀ ló ń di oru tó ń fọ́ èèpo. Tẹ́ ẹ bá rí i pé hóró tí ò bẹ́ pọ̀ nísàlẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ìyókù inú ike, ẹ dé e pa fún ọjọ́ méjì.

Ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti pe wọ́n lórí fóònù. Fún Túsìdè, aago 12:30 ọ̀sán, fíìmù PG: àgbà ₦3,500, ọmọdé ₦2,500. Àgbà mẹ́ta ₦10,500, ọmọdé méjì ₦5,000, ó di ₦15,500. Gúgúrú ńlá méjì ní ₦4,000, ₦8,000. Omi inú ike márùn-ún, ₦2,500. Owó ọkọ̀, ìjókòó mẹ́jọ ní ₦500, ₦4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦30,000. Ó ku ₦10,000. Ṣé kí n san tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbí kí n sanwó níbẹ̀?

Akọ̀wé Àgbọwó

Ní oṣù Kejìlá, ẹ ti sanwó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ lè jókòó pọ̀. Fúráìdè ni fíìmù tuntun máa ń wọlé, tí ètò àkókò sì ń yí padà. Nítorí náà ẹ má san ti Túsìdè kí Fúráìdè tó ṣáájú rẹ̀ tó kọjá. Ẹ wo ó dáadáa pé 2D ni, torí 3D lówó lórí jù, wọ́n sì lè gba owó awò lọ́tọ̀. Ẹ wo àròpọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè fi owó iṣẹ́ díẹ̀ kún un.

Bí báńkì bá yọ owó tí tíkẹ́ẹ̀tì ò jáde, ẹ má san án lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó ní nọ́mbà ìsanwó, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jáde, ẹ ya àwòrán òun náà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú mọ́ọ̀lù kì í dára.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ má ná ₦10,000 yẹn lórí mínírà o. Ẹ fi pamọ́ de owó ọkọ̀ àbọ̀.

Ẹ dé ibẹ̀ ní aago méjìlá. Ìpolówó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí fíìmù gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ lọ ilé ìtọ̀. Ẹ yan àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ẹni tó máa mú ọmọ ọdún 4 dání. Kẹ́ ẹ sì mú súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan dání fáwọn ọmọ, òtútù inú gbọ̀ngàn yẹn kì í ṣe kékeré lọ́sàn-án tí èèyàn ò pọ̀.